Ibi Tí Ọkọ̀ Ń Sùn

Sheffield,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí màmá. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ooru. Ní ti wa níbí, òtútù ò tíì fẹ́ lọ, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ jókòó tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Evelyn sọ fún mi pé etí ọ̀tún yín náà ti ń tẹ̀ lé ti òsì. Mo mọ̀ pé igbe ọkọ̀ tí ẹ gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ló fà á. Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, mo pariwo títí tí aládùúgbò mi fi wá kan ilẹ̀kùn, ó rò pé mò ń bá èèyàn jà ni. Torí náà, láti òní lọ, lẹ́tà ni. Evelyn á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ore, á fi rán ọlọ́kadà sí yín l'Odigbo. Tí ẹ bá kọ èsì, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ àbúrò yín ni, kò ní gbowó.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ọkọ̀ pupa kékeré tí mo rà lọ́dún tó kọjá, tí màmá rí fọ́tò rẹ̀ tó ní níbo ni àwọn èrò yòókù máa jókòó sí? Èèyàn méjì péré ló ń gbà, òrùlé rẹ̀ sì ń ṣí. Ọkọ̀ eré ni wọ́n ń pè é, àmọ́ èmi ò bá ẹnikẹ́ni sáré. Òun ni mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo fi ń ra iṣu lọ́dọ̀ àwọn ará Ghana. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mẹkáníìkì tú u, ó ní eyín irin tó wà nínú ìkòkò ìdí ọkọ̀, láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti jẹ tán, pé kí n ra òmíràn.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Oríṣi méjì ló ní kí n yan ọ̀kan nínú wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, irin gígùn tó ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì wá máa yí ní ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ti ìkejì, ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Ó ní àkọ́kọ́ máa ń tètè gbéra, kì í sì í bẹ̀rù òkè, àmọ́ á máa pariwo lórí márosẹ̀. Ìkejì á lọ́ra díẹ̀ láti gbéra, ṣùgbọ́n bó bá ti dé márosẹ̀, ó di jẹ́ẹ́, kò sì ní mu epo púpọ̀. Mo bi í pé èwo ló dára jù, ó ní ọwọ́ mi ló kù sí. Mo ní kó fún mi láyè, pé mo mọ ẹni tí màá bi.

Bàbá, èwo ni kí n mú?

Èmi ni Motún yín.


Odigbo,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, 2024

Motún, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ọlọ́kadà tó gbé e wá dúró, ó ń wo ojú mi, ó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kóòtù ni. Mo ní kó máa lọ. Mo gbé e lọ sí ìdí kòkó, mo tún un kà níbẹ̀, kí ìyá rẹ má baà máa bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Owó gẹdú ni mo fi rán gbogbo yín nílé ìwé, kò sì sí ẹnì kankan nínú yín tó béèrè rí pé kí ló wà nídìí ọkọ̀ tó ń gbé gẹdú. Kò dùn mí. Èmi fúnra mi ni mo máa ń lé yín kúrò lábẹ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì tó wà nílùú òyìnbó wá jókòó, kó kọ̀wé pé èwo ni kí òun mú, inú mi dùn, Motún. Mo ti sọ fún Pius. Mo ti sọ fún Samson. Lọ́jọ́ Sunday, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún àlùfáà.

Wàyí o, gbọ́. Nígbà tí à ń wa agbégilódò, irú méjì tí o sọ yìí náà la ní. Èyí tó ń yí púpọ̀, eyín igbó là ń pè é. Èyí tó ń yí díẹ̀, eyín títì. Eyín igbó kì í sáré, ṣùgbọ́n di gẹdú lé e títí dé òrùlé nínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn Agbabu, á máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní fi ẹ̀yìn rìn. Eyín títì ní tirẹ̀, tó bá ti bọ́ sí márosẹ̀ l'Ore báyìí, Ṣàgámù ò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n mú un wọ igbó lásìkò òjò: ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ èyí: tí o bá fẹ́ yan eyín ìdí ọkọ̀, má wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ibi tí ọkọ̀ ń sùn ni kí o wò. Torí nígbà tí à ń lọ, ara ẹ́ńjìnnì le, ara awakọ̀ náà le. Ìgbà tí à ń bọ̀ wálé, tó ti rẹ ọkọ̀, tó ti rẹ èèyàn, nígbà yẹn la máa ń wá agbára.

Nínú àgọ́ wa, bí wọ́n bá ti yọ eyín igbó nídìí ọkọ̀ kan, tí wọ́n fi eyín títì sí i, gbogbo wa mọ̀ pé awakọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Èkó ni á máa sùn. Á pa ewúrẹ́ fún wa, a ó jẹ ẹ́, a ó gbàdúrà fún un, a ò sì ní pín igi fún un mọ́. Mo jẹ ewúrẹ́ Samson, mo jẹ ti Pius. Nígbà tí o ṣì ń rákò, ọlọ́kọ̀ mi ní kí èmi náà fi eyín títì sí i. Mo ní rárá. Eyín igbó ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ fi máa ń gbọ́ igbe ọkọ̀ mi láti ẹsẹ̀ òkè nírọ̀lẹ́, tí á gbé iṣu kaná, tí ìwọ á sá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè wá ọ.

O ti sọ fún mi rí pé òkè ni gbogbo Sheffield. Fi eyín igbó sí i. Má dá òyìnbó kankan lóhùn.

Ìyá rẹ ní ìbọ̀sẹ̀ méjì kò tó, kí o wọ mẹ́ta.

Èmi bàbá rẹ, Rufus.


Sheffield,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi, awakọ̀ tí òkè ń sá fún,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mo rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà yín títí, mo kà á fún Hafeezah tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìlọrin ni, ó ní kí n yá òun ní bàbá mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àmọ́, Bàbá, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀. Gẹdú lẹ̀ ń gbé, báàgì kan ni èmi ń gbé. Ọkọ̀ yìí fúyẹ́ débi pé èèyàn mẹ́rin lè gbé ìdí rẹ̀ sókè. Mo bi mẹkáníìkì, ó ní òkè ibí kò lè pa á láyé, eyín yòówù kí n fi sí i. Márosẹ̀ ni ìṣòro mi. Láàárọ̀ tí mo bá ń lọ sí Leeds, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí n gbọ́ rédíò, tí mo bá fi máa dé, orí á ti máa fọ́ mi. Ọkọ̀ eré tí èèyàn ń gbé lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Torí náà, mo ti ní kó bá mi wá eyín títì. Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọmọ yìí béèrè ọ̀nà, ó tún gba ibòmíràn lọ. Kò tíì rí i, ó ní ó lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fi bàtà ránṣẹ́ sí màmá. Kó má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí o, kó wọ̀ ọ́.

Motún yín.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ṣé kò sí? Mo kọ̀wé láti oṣù tó kọjá, èsì ò dé. Evelyn ní òun fún ọlọ́kadà, ọlọ́kadà ní ọwọ́ yín lòun fi lé. Màmá gbé fóònù, ó ní ara yín le, pé oko lẹ wà. Mo tún pè lálẹ́, ó tún ní oko lẹ wà. Ta ló ń ṣe oko lálẹ́?

Tí inú bá ń bí yín nítorí eyín ọkọ̀, ẹ bú mi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí n kà á. Èmi ò mọ bí mo ṣe lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín.

Motún.


Sheffield,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 2024

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Evelyn pè mí lánàá láti kí mi kú ọjọ́ ìbí. Mo ní ọjọ́ ìbí mi kọ́. Ó ní kí ló dé tí àwọn bàbá wa wá pa ewúrẹ́ nítorí mi? Ó ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín méjèèjì, Bàbá Pius àti Bàbá Samson, jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́, ẹ bọ́ fìlà, ẹ sì dárúkọ mi nínú àdúrà.

Evelyn ò mọ ohun tó jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bàbá, ẹ ti jẹ ewúrẹ́ mi.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tó pè. Mo lọ sínú yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo sunkún níbẹ̀. Hafeezah bá mi níbẹ̀, ó bi mí pé ta ló kú. Kí ni màá sọ fún un? Ṣé kí n ní bàbá mi ti dágbére fún mi nítorí eyín irin? Mi ò kú, mi ò sọnù, mi ò kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ fi wá sílẹ̀ sùn níbòmíràn, báwo ni ẹ ṣe tètè gbà pé èmi lè ṣe é?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín ṣì ni mí, Motún.


Odigbo,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2024

Motún mi,

Má sunkún mọ́. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé o sunkún, ó ń fi ọwọ́ júwe oúnjẹ fún mi bí ẹni pé etí mi ti kú pátápátá. Ìyà tó tọ́ sí mi nìyẹn.

Òótọ́ ni, mo jẹ ewúrẹ́ rẹ. Kò dùn. Ìyá rẹ kọ̀ láti sè é, Samson ló sè é, iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ tó ń lọ ló máa ń pa á, ṣùgbọ́n ìwọ ò sí nílé, ni mo bá pa á fún ọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. O kọ̀wé pé o ń lọ sí Leeds láàárọ̀. O sọ ọ́ bí ẹni pé mo ti mọ̀. Motún, ìwọ lo sọ fún wa pé orí òkè nilé rẹ wà, ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀, pé láti ojú fèrèsé lo ti ń rí i. Ẹni tó bá ń yọjú síbì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní tìtorí rẹ̀ yí ìdí ọkọ̀ padà. Ọ̀nà tí èèyàn ti fọkàn sí la ń yí ìdí ọkọ̀ fún. Mo wá rántí pé ọdún márùn-ún lo ní o máa lò, pé ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí ló pé. Mo ti kun yàrá rẹ. Mo ti ní kí káfíńtà wá gba ìwọ̀n fèrèsé. Ni mo bá sọ fún ara mi pé ọmọ yìí ti ríṣẹ́ sí ibòmíràn, kò padà mọ́, ó ń bẹ̀rù láti sọ fún mi. Ó dùn mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú sí ọmọ tó wà lókè òkun. Èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí awakọ̀ bá fi àgọ́ sílẹ̀ ni mo ṣe.

A jẹ ewúrẹ́ náà tán, a gbàdúrà tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Pius wò mí títí. Ó ní, “Rufus, ṣé o jẹ ewúrẹ́ tèmi?” Mo ní mo jẹ ẹ́. Ó ní, “Ta ló wá jókòó tì ọ́ níbí tó ń jẹ ti ọmọ rẹ?” Samson ní kó tún bi mí dáadáa, pé bóyá mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Eyín títì ni àwọn méjèèjì fi lọ, eyín títì ni wọ́n sì fi padà wálé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ, ojú ló ń tì mí.

Fi eyín títì sí i. Ìwọ lo ń wa ọkọ̀ rẹ, ìwọ lo mọ ọ̀nà rẹ. Bí o bá lọ sí Leeds, bí o bá tún kọjá Leeds, ọmọ mi ni ọ́. Yàrá náà á dúró, ọ̀dà kì í jẹrà.

Bàbá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ keje, oṣù keje, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òní ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, òun àti fọ́tò ọmọkùnrin tí Evelyn bí. Ẹ kú oríire ìdílé. Abájọ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì. Mo ti ń ronú pé ẹ ti tún wá ewúrẹ́ kejì.

Ohun tí ẹ rí, òótọ́ ni. Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, Leeds ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọjọ́ tó kù, ibí náà ni. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ni, Bàbá, mo sì gbà á. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ. Mi ò ní parọ́ fún yín: mi ò ní padà wá pátápátá lọ́dún yìí, mi ò sì mọ ọdún tí yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Díṣẹ́ńbà, màá sùn nínú yàrá tí ẹ kùn. Kí káfíńtà ṣe fèrèsé náà.

Nǹkan mìíràn wà. Kí lẹ́tà yín tó dé, mo ti ní kí mẹkáníìkì dá eyín títì padà. Eyín igbó ló wà nídìí ọkọ̀ mi báyìí. Ẹ má rò pé àánú ewúrẹ́ ló ṣe mí. Mo jókòó, mo ro ó bí ọ̀gá yín ṣe wí. Márosẹ̀ Leeds, ọjọ́ méjì ni, àárọ̀ sì ni, ara mi ṣì le. Òkè ilé mi, ojoojúmọ́ ni, lẹ́yìn tí mo bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń sùn. Tí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè náà báyìí, mo kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ ni, á gbé mi lọ. Ní ti Leeds, mo ti ra nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e gun òkè nírọ̀lẹ́, ó ké. Mo mọ igbe yẹn. Agbégilódò tóbi, èyí kéré, ṣùgbọ́n igbe ẹni tó ń bọ̀ wálé ni. Mo dá ọkọ̀ dúró síwájú ilé, mi ò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ti gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Evelyn. Mo mọ̀ pé ẹ lè má gbọ́ ọ. Màmá á gbọ́ ọ fún yín.

Motún yín.


Odigbo,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, 2024

Motún, ọmọ mi, ọ̀gá nọ́ọ̀sì,

A gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun, a sì dúpẹ́. Káfíńtà ti dé. Ó ní kí n má dúró ti òun lórí, mo dúró tì í.

Evelyn gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wa lọ́sàn-án àná, ó gbé fóònù rẹ̀ dání, ọkọ rẹ̀ sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ìsọjí ní ṣọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n so ó pọ̀, wọ́n tan ohùn ọkọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ́wọ́. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó gbé ọmọ fún Evelyn, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé iṣu kaná. Ọ̀sán gangan ni o, a ti jẹun. Evelyn ń wò ó, kò yé e. Ó yé mi. Láti ìgbà yẹn ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń wo ẹnu wọn, mo rí i pé ó ń lọ lọ́wọ́, ni mo bá sún mọ́ àpótí náà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e. Ó ń gbọ̀n. Ó gba ọwọ́ mi gun ìgbọ̀nwọ́. Mo ní kí wọ́n tún un tàn. Mo dì í mú láti ẹsẹ̀ òkè títí tí o fi dá ọkọ̀ dúró síwájú ilé, mo sì mọ̀ pé o ti délé.

Eyín tó dára ni. Iṣu náà pọ̀ jù fún wa, ìyá rẹ bu tìrẹ sọ́tọ̀, Evelyn ló jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. O pẹ́ jù ní jíà kejì. Tí o bá ti dé ìdajì òkè, yí i sí ẹ̀kẹta.

Bàbá rẹ, Rufus, tó gbọ́ ọ.